Ọmọ Tó O Fi Ṣe Bọ́ọ̀sì Ilé Ìwé

Ìyá kan kọ̀wé sí mi láti Aṣerò, Abẹ́òkúta níbí. Ọmọkùnrin ẹ̀, ọmọ ọdún 7, wà ní Year 3 nílé ìwé aládàáni kan tó ń lo kọríkúlọ́ọ̀mù ìlú ọba, àwọn tí kò ní bọ́dìn, àárọ̀ lọ ìrọ̀lẹ́ bọ̀. Owó ń gun òkè ní gbogbo tẹ́ẹ̀mù, ọkọ ẹ̀ ní WAEC lòun ṣe tóun fi dẹni tó ń gbowó oṣù, pé kí ni wọ́n ń fi IGCSE, ìdánwò àṣejáde ti kọríkúlọ́ọ̀mù ìlú ọba yẹn, ṣe. Èyí tó wá dá kún un ni pé ilé ìwé ní láti tẹ́ẹ̀mù tó ń bọ̀, ẹni tí ò bá tíì pé ọdún 18 ò gbọdọ̀ wá mú ọmọ mọ́, wọ́n sì ti gba káàdì tí wọ́n fi ń mú ọmọ lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ìbéèrè ẹ̀ rèé: "Mọ́mì, ṣé kí n yọ ọmọ mi kúrò níbẹ̀ ni àbí kí n fara dà á torí IGCSE? Wọ́n ti ń fi àṣejù òyìnbó da wá láàmú."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka lẹ́tà rẹ. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo mú bírò, mo fa ìlà sábẹ́ ibi kan tó o sáré kọjá. Ìwọ lo kọ ọ́ o, kì í ṣe èmi: "A kì í san owó bọ́ọ̀sì, ₦85,000 ni ní tẹ́ẹ̀mù kan, torí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà. Òun ló ń gbé e lọ láàárọ̀, á ti ibẹ̀ bọ́ sí Ìtòkú lọ bá mi patẹ àdìrẹ, tó bá di aago méjì àbọ̀ á padà lọ mú un. Òun náà ló ń bá a ṣe homework, ó tiẹ̀ ti mọ phonics yẹn, ìró lẹ́tà tí wọ́n fi ń kọ́ ìwé kíkà, ju ọmọ mi lọ, hahaha."

Hahaha.

IGCSE á dúró ná. Jẹ́ ká ka wákàtí ọmọ yẹn, torí ìwọ ò kà á. Aago méje kọjá díẹ̀ ó ti wà nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, báàgì ọmọ rẹ lórí itan ẹ̀, fúláàsì oúnjẹ lọ́wọ́ ẹ̀. Aago mẹ́jọ ọmọ rẹ ti wọlé, wọ́n ti gétì, òun wà níta. Aago mẹ́jọ àbọ̀ ó ti wà ní Ìtòkú, ó ń tú ẹrù, ó ń fa kàǹpálà kọ́. Aago méjì àbọ̀ ó tún ti di ẹnu gétì. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, homework, ti ọmọ rẹ nìyẹn o. Èwo ni wákàtí tí òun náà fi wà ní kíláàsì? Mo wá a títí, mi ò rí i. Lẹ́tà ojú ìwé mẹ́ta gbáko, kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ nípa ilé ìwé tí ọmọ yẹn ń lọ.

O ní ó kù díẹ̀ kó pé ọdún 14, ṣùgbọ́n ó ga, o wá kọ 18 sí fọ́ọ̀mù wọn, o ní àbúrò rẹ ni. O ní ọmọ ọdún 10 ni nígbà tó o lọ mú un wá láti Ìmẹ̀kọ, Primary 4 ló wà nígbà náà, o sì sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé tó bá dé Abẹ́òkúta á máa lọ sílé ìwé, "ṣùgbọ́n àyè ò tíì yọ." Ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀! Àyè wo ni ò yọ? Ṣebí àyè yọ fún swimming lọ́jọ́ Friday.

O ń bínú sí ilé ìwé yẹn. Ní tèmi o, ẹni tó dúró ní gétì lọ́jọ́ yẹn tó wo ojú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ dáadáa tó ní "ìwọ náà, ọmọdé ni ẹ́", òun ni mo fẹ́ kí. Ọdún mẹ́ta lo fi ń wo ojú kan náà láàárọ̀ láàárọ̀, bọ́ọ̀sì lo rí. O lọ sanwó rẹpẹtẹ kí wọ́n lè kọ́ ọmọ rẹ bíi ti ìlú ọba, wọ́n wá ṣe bíi ti ìlú ọba lóòótọ́, o ní àṣejù ni. Kì í ṣe phonics nìkan ló wà nínú ẹrù yẹn. Ilé ìwé tó bá mọ ohun tó ń ṣe nínú wọn, ọ̀rọ̀ ààbò ọmọ ni wọ́n máa ń mú le jù, ta ló mú un wá, ta ló ń mú un lọ, ṣé ẹni náà tó ẹni tí wọ́n lè fa ọmọ lé lọ́wọ́. Tí mọ́tò bá gbá àwọn méjèèjì lójú títì (Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o), ọmọ méjì ni mọ́tò gbá, kì í ṣe ọmọ kan àti aunty ẹ̀.

Má sì sọ fún mi pé òfin òyìnbó nìyẹn. Òfin UBE tí ìjọba Nàìjíríà ṣe ní 2004 ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan kàwé láti praimárì títí dé JSS 3, ọ̀fẹ́ ni, dandan sì ni, ẹni tí ọmọ wà lọ́wọ́ ẹ̀ ni òfin yẹn sì ń bá wí, kò dúró lórí ìyá tó bí i ní Ìmẹ̀kọ nìkan. Ìwọ nìyẹn o. Wọ́n á kọ́kọ́ kìlọ̀ fún ẹ, tó bá di ẹ̀ẹ̀kejì, owó ìtanràn ₦2,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan. Mo mọ̀, ₦2,000 ò lè ra ìbọ̀sẹ̀ tí ilé ìwé ọmọ rẹ ń tà fún yín, bóyá ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń ṣe bí ẹni tí ò gbọ́.

Mo ti gbọ́ èyí tó wà lẹ́nu rẹ, pé ọmọ ẹni ò ní ṣèdí bẹ́bẹ́rẹ́ ká fìlẹ̀kẹ̀ sí tọmọ ẹlòmíì. Ta ló ní kó o bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ọmọ rẹ? Fi síbẹ̀. Ìhòòhò ti èkejì ni mò ń bá ẹ wí.

Ìdí tí ara fi ń ta mí báyìí ni pé èmi náà ti ṣe é rí, mi ò ní purọ́ fún yín. 1994, mo lọ mú ọmọ ọdún 9 kan láti abúlé kan lẹ́yìn Ọ̀dẹ̀dá, mo ṣèlérí fún ìyá ẹ̀ bí ìwọ náà ṣe ṣe é, àkọ́bí mi ń lọ sí nọ́sìrì nígbà náà, ẹnìkan gbọ́dọ̀ gbé e lọ gbé e bọ̀, bí ọdún ṣe ń gorí ọdún nìyẹn. Lọ́dún tó kọjá mo kò ó ní gáréèjì Kútọ̀, òun náà ti dìyá ọlọ́mọ, ó kúnlẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀ kí mi, inú ẹ̀ dùn, ó wá ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, èwo ló ń lọ Ìjẹ̀bú-Òde nínú àwọn mọ́tò yìí?" Pátákó wà lórí mọ́tò níwájú wa, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ Ìjẹ̀bú-Òde sí i gàdàgbà gadagba. Mo nawọ́ sí i fún un. Gúgúrú tí mo rà, mi ò lè jẹ ẹ́ délé.

Ká tún ṣe ìṣirò kan, ìwọ tó jẹ́ oníṣòwò. ₦85,000 lọ́nà tẹ́ẹ̀mù mẹ́ta, lọ́nà ọdún mẹ́ta, ₦765,000. Ká ní owó bọ́ọ̀sì kéré nígbà yẹn, ká gé e sí méjì, ó ṣì lé ní ₦380,000. Mi ò tíì ka ti Ìtòkú mọ́ ọn, mi ò ka ti ẹni tó ń kọ́ ọmọ rẹ ní lẹ́sìn nírọ̀lẹ́. O jẹ ọmọ yẹn lówó.

Nítorí náà, lọ́jọ́ Monday, ti ṣọ́ọ̀bù pa, mú un lọ sí ilé ìwé ìjọba tó bá sún mọ́ yín jù. Sọ òótọ́ fún wọn, pé Primary 4 ló ti fi í sílẹ̀, kí wọ́n dán an wò kí wọ́n mọ kíláàsì tí wọ́n máa fi í sí. Ó lè jẹ́ Primary 5 tàbí 6, á ga ju gbogbo wọn lọ níbẹ̀, wọ́n á pè é ní màmá, á sunkún, kó máa lọ bẹ́ẹ̀. Ìwé ẹlòmíì ló fi kọ́ ara ẹ̀ ní phonics, mi ò rò pé á pẹ́ kó tó bá wọn. Ní ti ọmọ rẹ, ẹ san owó bọ́ọ̀sì, tàbí kí ọkọ rẹ gbé e. O ní Òkè-Mosàn ló ti ń ṣiṣẹ́, pé ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé yẹn ló ń gbà kọjá láàárọ̀. Mọ́tò ẹ̀ ò ní bíréèkì ni?

Ó dáa, IGCSE. Year 11 ni wọ́n ń ṣe é, ọmọ rẹ wà ní Year 3, ọdún 8 ṣì wà níwájú yín. Àwọn yunifásítì wa ń gba IGCSE bí wọ́n ṣe ń gba WAEC, irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀ míì sì ń jẹ́ kí ọmọ ṣe méjèèjì, JAMB ń dúró de gbogbo wọn lẹ́nu ọ̀nà. Tó bá tún jókòó ṣe A-level ọdún méjì lé e, ó lè fi Direct Entry wọ 200 level, ìyẹn ọdún kejì ní yunifásítì. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ni bóyá Cambridge tàbí Edexcel, àwọn tó ń ṣe ìdánwò yẹn, mọ̀ wọ́n ní ti gidi, torí ẹnikẹ́ni ló lè kọ British sára ògiri. Tówó bá ju agbára yín lọ, ẹ yọ ọ́, WAEC ò pa bàbá ẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ torí ọ̀rọ̀ gétì yẹn lo fi fẹ́ yọ ọ́, ojú á tì mí fún ẹ.

Ó ku káàdì. O ní nígbà tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ó sunkún délé, o rò pé ẹ̀rù rẹ ló ń bà á. Fọ́tò ẹ̀ wà lára káàdì yẹn, lógò ilé ìwé wà lókè ẹ̀, wọ́n so okùn mọ́ ọn, ọrùn ló ń gbé e kọ́. Láti ọdún tó ti dé ọ̀dọ̀ rẹ, ohun kan ṣoṣo tó ní tó fi jọ ọmọ ilé ìwé nìyẹn.

Orúkọ ọmọkùnrin rẹ, tí mo ti yọ kúrò níbí, wà nínú lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀meje. Ti tíṣà ẹ̀ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, o tiẹ̀ kọ ti dírẹ́bà bọ́ọ̀sì tẹ́ ò wọ̀. Ti èyí, "ọmọ ẹ̀gbọ́n mi", "ọmọ yẹn", "ọmọ ọ̀hún". Tó o bá tún máa kọ̀wé sí mi, fi IGCSE sílẹ̀. Kọ orúkọ ẹ̀ sí i, kó o kọ kíláàsì tó wà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.