Báwo ni mo ṣe lè mú kí ara ẹṣin mi balẹ̀? Bó bá ti rí igi tí mo fẹ́ kó fò, ṣe ló ń já mọ́ mi lọ́wọ́.

Ẹ kọ́kọ́ gbé igi náà sọ̀kalẹ̀. Ẹ to mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀ gbalaja, kí àlàfo àárín wọn tó mítà 1.3, kí ẹṣin máa fi ìrìn kíákíá tí kò tíì di eré kọjá lórí wọn. Bó bá fẹ́ bẹ́ sáré, ẹ yí i po ní òbìrí tó fẹ̀. Ẹ má dojú rẹ̀ kọ igi mọ́ títí ọrùn rẹ̀ yóò fi rọ̀, tí yóò mí kanlẹ̀. Ọjọ́ tó bá ń ṣe èyí bí ẹni ń ṣeré, ẹ gbé igi kan ga dé sẹ̀ǹtímítà 40, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọwọ́ ẹni tó gùn ún ló sábà máa ń ba iṣẹ́ jẹ́. Tí ẹ bá di ìjánu mú gírígírí bó ṣe ń sún mọ́ igi, ẹnu á máa dùn ún, á sì tún sáré sí i. Ẹ fà á díẹ̀, ẹ dẹ̀ ẹ́, ẹ tún fà á. Bó bá fò ó tán, ẹ dá a dúró, ẹ fọwọ́ pa á lọ́rùn.

Tó bá jẹ́ pé ẹṣin Dọ́bà ni, ìyẹn ẹṣin tí wọ́n ń gùn níbi ayẹyẹ ìgẹṣin lásìkò ọdún (wọ́n pọ̀ ní Ìlọrin wa níbí), eré àsápajúdé ló mọ̀, ẹ ní sùúrù fún un. Ẹ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò lábẹ́ gàárì, bóyá egbò wà níbẹ̀. Ẹ dín ọkà bàbà rẹ̀ kù, kí ẹ fi koríko kún un.