Èló ni kí n fi lé owó oṣù mi àtijọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo ń wá iṣẹ́ tuntun. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ní kí n kún ń béèrè iye tí mò ń gbà lóṣù báyìí àti iye tí mo fẹ́. Ẹnìkan tó ń gbowó lọ́wọ́ àwa tó ń wáṣẹ́ láti fi tọ́ wa sọ́nà ní kí n bù mọ́ ọn, torí pé ohun tí mò ń gbà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa fi díẹ̀ lé. Èló ni mo lè fi lé e tí wọn ò fi ní fura?

ÌDÁHÙN: Ẹ má fi ohunkóhun lé e. Iṣẹ́ mi ni kí n máa bá àwọn iléeṣẹ́ yan òṣìṣẹ́, inú sì máa ń bí mi gidigidi sí àwọn tó ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́ láti kọ́ ọ ní irọ́. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ló máa ń béèrè ìwé owó oṣù tẹ́ ẹ gbà kẹ́yìn kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé ìgbanisíṣẹ́. Bí iye tó wà níbẹ̀ bá yàtọ̀ sí èyí tẹ́ ẹ kọ, wọ́n lè gba iṣẹ́ náà padà, kódà lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti wọlé.

Àmọ́ irọ́ yẹn kọ́ ló burú jù nínú ìmọ̀ràn náà. Ohun tó burú jù ni pé ó jẹ́ kẹ́ ẹ gbà pé inú owó oṣù àtijọ́ ni tuntun ti ń jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀! Kí iléeṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe tó polówó iṣẹ́ ni wọ́n ti mọ iye tó kéré jù àti èyí tó pọ̀ jù tí wọ́n lè san. Ohun tí iṣẹ́ náà gbà, iye tí àwọn mìíràn ń san fún irú rẹ̀, àti owó tó wà nílẹ̀ ni wọ́n fi ń pinnu rẹ̀. Bí ẹ bá wá dárúkọ iye kékeré kan, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ máa jókòó sí.

Ọ̀rọ̀ yìí ní ìdí. Lọ́dún 1974, Amos Tversky àti Daniel Kahneman, àwọn onímọ̀ nípa bí èèyàn ṣe ń ronú, kọ nípa ìdánwò kan tí wọ́n ṣe. Wọ́n yí kẹ̀kẹ́ kan tó ní nọ́ńbà lára, wọ́n sì ti ṣètò rẹ̀ kó máa dúró lórí 10 tàbí 65. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi àwọn èèyàn ní ìdá mélòó nínú 100 tí orílẹ̀-èdè Áfíríkà jẹ́ nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé. Ìdáhùn tó bọ́ sáàárín láàárín àwọn tó rí 10 jẹ́ 25. Ti àwọn tó rí 65 jẹ́ 45. Nọ́ńbà tí kò kan ọ̀rọ̀ rárá ló fà wọ́n bẹ́ẹ̀. Kí lẹ rò pé owó oṣù yín gan-an máa ṣe?

Ìdí nìyí tí àwọn ìjọba kan fi dá sí i. Òfin ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018, kò gbà kí agbanisíṣẹ́ béèrè owó oṣù àtijọ́ kó tó dárúkọ iye tó fẹ́ san. California náà fòfin dè é lọ́dún yẹn. Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe tiwọn ní 2023. Wọ́n rí i pé bí wọ́n bá rẹ́ obìnrin jẹ níbi iṣẹ́ àkọ́kọ́, ìrẹ́jẹ náà á máa tẹ̀ lé e kiri. Ẹ wádìí ohun tí òfin ibi tẹ́ ẹ wà sọ. Agbẹjọ́rò kọ́ ni mí, mi ò lè sọ ẹ̀tọ́ yín fún yín láti ibí.

Bí wọ́n bá bi yín lójúkojú, ẹ ní: “Iṣẹ́ tí mò ń ṣe báyìí yàtọ̀ sí èyí, nítorí náà, mi ò fẹ́ ká fi ṣe òṣùwọ̀n. Èló lẹ yà sọ́tọ̀ fún ipò yìí?” Kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Ọ̀pọ̀ máa ń rò pé àfojúdi ni. Kì í ṣe àfojúdi. Bí wọ́n bá tẹpẹlẹ mọ́ ọn, yálà kẹ́ ẹ sọ òótọ́ tàbí kẹ́ ẹ kọ̀. Kò sí ọ̀nà kẹta.

Ní ti iye tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá máa sọ “láti iye báyìí sí iye báyìí,” kí èyí tó kéré jẹ́ ohun tẹ́ ẹ lè gbà tayọ̀tayọ̀, torí òun ni wọ́n máa gbọ́. Kẹ́ ẹ sì sọ bóyá kí wọ́n tó yọ owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì ni tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba ní ìpele owó oṣù tirẹ̀. Níbẹ̀, ohun tẹ́ ẹ lè jà fún ni kí wọ́n ka ọdún tẹ́ ẹ ti fi ṣiṣẹ́ mọ́ ọn.

Bí fọ́ọ̀mù yẹn bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ kọ “a ó jọ sọ ọ́” síbi owó oṣù àtijọ́. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà nìkan ló ń gbà, ẹ fi 0 síbẹ̀, kẹ́ ẹ ṣàlàyé nínú lẹ́tà yín pé ẹ ò fẹ́ kọ ọ́ ni. Bẹ́ ẹ bá sì ti fi iye tẹ́ ẹ bù mọ́ ránṣẹ́, ẹ kọ̀wé sí wọn lónìí, kẹ́ ẹ tún un ṣe kí wọ́n tó pè yín.