Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Kí ni kí a sọ nípa alága wa tó kú lójijì?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa ọ̀wọ́n, akọ̀wé ẹgbẹ́ olùkọ́ ni mí ní agbègbè Ìsánlú, ní ilẹ̀ Yàgbà. Alága wa papòdà lóru ọjọ́ tí ó ti ìpàdé Lọ́kọ́ja dé, kò sì tíì pé ẹni ọgọ́ta ọdún. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ẹgbẹ́ ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìrántí tí a ó kà níbi ìsìn àìsùn, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí mo ń kọ ló ń jọ èyí tí wọ́n ń kà níbi òkú gbogbo: olóòótọ́ ni, aláàánú ni, akínkanjú ni. Bẹ́ẹ̀, ọkùnrin yìí kì í gbé ìwé àkọsílẹ̀ kan kúrò lábíyá. Rúlà ló fi fa ìlà sí i: orúkọ olùkọ́, ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, ọjọ́ tí ẹjọ́ rẹ̀ dé etí alága, àti ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró. Ìyàwó rẹ̀ fi í hàn mí. Ní ojú ewé tó kẹ́yìn, àyè kẹrin ṣófo níwájú ọ̀pọ̀ orúkọ. Àwọn kan nínú wa fẹ́ kí a ra aṣọ ẹgbẹ́, àwọn kan ní kí a kó owó náà fún ìyàwó rẹ̀. Igbákejì alága pàápàá ní òun kò lè jókòó sórí àga olóògbé. Kí ni kí a ṣe?
Akọ̀wé, Ìsánlú.

ÈSÌ: Ẹ kú ìrọ́jú, akọ̀wé wa, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ikú aṣáájú tí kò dùbúlẹ̀ àìsàn máa ń dunni gan-an, nítorí pé òun kò ráyè fa iṣẹ́ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, àwọn tó kù kò sì ráyè dúpẹ́ lójú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìrántí tí ẹ ń wá kiri ti wà nínú lẹ́tà yín. Ìwé àkọsílẹ̀ yẹn ni. Ẹni tó bá gbọ́ pé olóògbé jẹ́ aláàánú yóò mi orí, yóò sì ti gbàgbé kí ó tó délé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ pé alága kan ń fi rúlà fa ìlà kí ẹjọ́ olùkọ́ kankan má baà sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́, olúwarẹ̀ kò ní dúró kí ẹ tó sọ fún un irú ènìyàn tó jẹ́. Ẹ wá olùkọ́ bíi méjì tàbí mẹ́ta nínú àwọn tí orúkọ wọn wà níbẹ̀, kí ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣe fún wọn lẹ́nu àwọn fúnra wọn, kí ẹ sì gba ìyọ̀ǹda wọn kí ẹ tó dárúkọ wọn ní gbangba, nítorí ọ̀rọ̀ owó oṣù àti ìgbéga kì í ṣe ohun tí gbogbo ènìyàn fẹ́ kí ará ìlú gbọ́. Bí ó bá máa ń le nípàdé, ẹ lè fi ìfẹ́ sọ ọ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n yóò gbà pé òun gan-an ni ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ “ayé ló ṣe é” wọ inú ìwé náà. Dókítà ti sọ ohun tó pa á, opó tó jókòó níwájú yín kò sì nílò ìfura kún ọ̀fọ̀.

Ẹ wo Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti, ẹni tí ó jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ olùkọ́ Nàìjíríà nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní ọdún 1931, tí ó sì wà nípò náà títí di ọdún 1954, ọdún kan kí ó tó kú. Ohun tí a fi ń rántí rẹ̀ láàárín olùkọ́ ni pé ó wà lára àwọn tó sọ àwọn ẹgbẹ́ tó wà káàkiri di ẹyọ kan, ẹgbẹ́ náà kò sì kú pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí náà, lọ́dọ̀ tèmi, ìdajì ọ̀rọ̀ ìrántí yín ni ẹ ó kà ní ìsìn àìsùn. Ìdajì kejì ni àwọn àyè tó ṣófo yẹn. Ẹ bẹ ìyàwó rẹ̀ kí ó jẹ́ kí ẹ da orúkọ wọ̀nyí kọ, kí ẹ dá ìwé náà padà fún un, kí ẹ sì pín ẹjọ́ kọ̀ọ̀kan fún ọmọ ìgbìmọ̀ kan.

Ní ti aṣọ, èmi kò bá yín lọ́wọ́ sí i nísinsìnyí. Owó ni kí ó ṣáájú, àti ìrànlọ́wọ́ lórí ìwé, torí ibẹ̀ ni opó òṣìṣẹ́ ti ń jìyà jù. Ẹ gba ọ̀dọ̀ olórí ẹbí wọlé bí ó ti yẹ, ṣùgbọ́n kí ìyàwó wà níbẹ̀ kí ó sì gbọ́ ohun gbogbo. Ẹ bá wọn fi orúkọ olóògbé sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ ètò ìkànìyàn kí wọ́n lè gba ìwé ẹ̀rí ikú. Bí kò bá kọ ìwé ìhágún, wọn yóò nílò ìwé àṣẹ láti ilé-ẹjọ́ gíga kí wọ́n tó lè gba ohun tó fi sílẹ̀. Ẹ kó ìwé ìgbanisíṣẹ́ àti ìwé ìgbéga rẹ̀ jọ. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 sọ pé kí agbanisíṣẹ́ máa san owó ìbánigbófò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́, tí iye rẹ̀ kò ní dín ní ìlọ́po mẹ́ta owó ọdún kan rẹ̀. Kí ẹgbẹ́ kọ lẹ́tà, kí ó béèrè bóyá wọ́n san án fún un.

Nítorí irú ikú tó kú, mo tún fẹ́ bẹ̀ yín pé kí ẹ pe nọ́ọ̀sì kan wá sí ìpàdé yín. Ẹ̀jẹ̀ ríru lè wà lára ènìyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí àmì kankan, àyẹ̀wò nìkan ló ń tú u fó. Ẹni tí tirẹ̀ bá ń dé 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀ léraléra, kí ó tọ dókítà lọ.

Kí igbákejì alága mọ̀ pé ẹgbẹ́ kò ní kí ó gba ipò olóògbé mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ kàn ní kí ó di iṣẹ́ mú títí ìbò yóò fi wáyé lẹ́yìn ìsìnkú, bí ìwé òfin ẹgbẹ́ yín bá ṣe là á sílẹ̀. Bí alága bá wà lára àwọn tó ń fọwọ́ sí ìwé owó ẹgbẹ́ ní báńkì, báńkì yóò fẹ́ rí ìpinnu ìpàdé kí ó tó gba ẹlòmíràn dípò rẹ̀. Ẹ tètè ṣe ìpàdé náà, kí ẹ kọ ìpinnu náà sílẹ̀, kí owó tí ẹ fẹ́ fún ìyàwó rẹ̀ má baà há sí báńkì.