Tíì, sóbò àti oògùn ẹ̀jẹ̀: ṣé wọ́n lè jọ wọlé?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, oníkẹ́míìsì wa. Oyún mi ti pé oṣù márùn-ún. Níbi tí mo ti ń gba ìtọ́jú, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ mi kéré, wọ́n sì fún mi ní oògùn ẹ̀jẹ̀ láti máa lò láràárọ̀. Tíì àti búrẹ́dì ni mo fi ń gbé e mì. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ mi yẹ̀ wò, kò fi bẹ́ẹ̀ gòkè. Ẹ̀gbọ́n mi ní tíì ló fà á. Bẹ́ẹ̀ sì ni mo máa ń gbọ́ pé pólífẹ́nọ́ọ̀lù (irú èròjà kan tó máa ń wà nínú ewé àti èso) inú tíì àti sóbò ń ṣe ara lóore. Ta ni kí n gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìkúnra, màmá wa. Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o.

Ẹ̀gbọ́n yín kò purọ́, àwọn tó ń yin pólífẹ́nọ́ọ̀lù náà kò purọ́. Àsìkò tí ẹ ń mu tíì yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀.

Ẹ wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí kò tíì pọ́n. Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ irin bó o, kò ní pẹ́ tí ojú ọ̀bẹ náà á fi dúdú. Táníìnì wà nínú oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn, ọ̀kan lára ẹbí pólífẹ́nọ́ọ̀lù ni, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ irin gan-an. Òun náà ló wà nínú tíì tó le, tó máa ń mú kí ahọ́n gbẹ, kí ẹnu sì dà bí ẹni pé ó fún.

Mo máa ń fi kinní kan han àwọn aláboyún tó bá wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Màá po tíì tí kò ní mílíìkì sínú ife funfun, màá tẹ hóró fersolate kan (oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin nínú) fọ́, màá dà á sí i, màá sì fi ṣíbí rò ó. Lójú wọn báyìí, tíì tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, á wá dà bíi tàdáwà. Tàdáwà gan-an sì ni. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílẹ̀ Yúróòpù láyé àtijọ́ nìyẹn: táníìnì láti ara igi óákù, tí wọ́n pò mọ́ irú èròjà irin tó wà nínú fersolate. Irin tí táníìnì bá ti dè báyìí, ìfun kì í lè gbà á, ẹ̀ ń yà á dànù ni.

Ní 1999, Richard Hurrell, onímọ̀ nípa oúnjẹ, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí. Búrẹ́dì ni àwọn tó kópa nínú rẹ̀ jẹ, ohun tí wọ́n fi sìn ín ni wọ́n ń pààrọ̀. Nígbà tí wọ́n fi wé omi lásán, tíì dúdú dín irin tí ara gbà kù ní ìdá 79 sí 94 nínú 100. Kòkó dín in kù ní ìdá 71. Mílíìkì tí wọ́n bù sí tíì kò fi bẹ́ẹ̀ yí nǹkan padà. Mo mẹ́nu kan kòkó nítorí pé tíì ni gbogbo wa ń pe ohun gbígbóná tí a fi ń jẹ búrẹ́dì, ìbáà ṣe ti ewé, ìbáà ṣe ti kòkó.

Irin inú oògùn pọ̀ ju ti búrẹ́dì lọ, nítorí náà kì í ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ ti fi ṣòfò. Ẹ má bẹ̀rù.

Ẹ má sọ oògùn di méjì láti fi dí èyí tó lọ. Àsìkò ni kí ẹ yí padà. Ẹ fi omi gbé oògùn yín mì ní alẹ́, nígbà tó bá ti tó wákàtí méjì tí ẹ jẹun, tàbí kí ẹ fi ọsàn mímu sìn ín, torí pé fítámì C máa ń ran irin lọ́wọ́. Bó bá ń rú yín nínú, ẹ fi oúnjẹ díẹ̀ sí i, kó má ṣáà jẹ́ tíì. Ìgbẹ́ yín lè dúdú, oògùn ló fà á.

Ní àárọ̀, ẹ mu ògì pẹ̀lú àkàrà, kí ẹ sì sún tíì sí nǹkan bí aago mọ́kànlá. Irin inú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ ni táníìnì ń rí mú jù. Èyí tó wà nínú ẹran àti ẹja kì í fi bẹ́ẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́.

Sóbò ńkọ́? Àwọ̀ pupa rẹ̀ yẹn, pólífẹ́nọ́ọ̀lù ni. Bí ẹ bá kán omi káún sí i, ẹ ó rí i tí pupa náà á ṣí kúrò. Lóòótọ́, ó máa ń bá àwọn ẹlòmíì rọ ẹ̀jẹ̀ ríru sílẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi kì í gba aláboyún níyànjú láti máa mu ún, torí wọn kò tíì dán an wò dáadáa lára aboyún. Ẹ jẹ́ kó di ẹ̀yìn ìkómọ. Obì náà, ẹ dín in kù, káféènì (èròjà tó máa ń lé oorun lọ) wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ padà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Bí kò bá gòkè, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti ya tíì sọ́tọ̀ kúrò lára oògùn, kí wọ́n wá ibà àti aràn wò. Bí òòyì bá ń kọ́ yín tàbí tí àyà yín ń já kí ọjọ́ náà tó pé, ẹ má dúró dè é, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ.