Èsì: Ìdí tí ọ̀kadà alábátìrì fi ń jù lẹ́yìn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní ọ̀kadà alábátìrì yín ò wúwo ju elépo tẹ́ ẹ tà lọ, síbẹ̀ ìdí rẹ̀ ń jù tẹ́ ẹ bá gbé èrò. Ibi tí ìwúwo wà ló ṣe kókó. Bí mọ́tọ̀ rẹ̀ bá wà nínú ríìmù ẹ̀yìn, ṣọ́ọ̀kù kò gbé irin yẹn. Tó bá já sí kòtò, táyà á ta sókè, kò ní tètè balẹ̀. Èyí tó ń lo ṣéènì, tí mọ́tọ̀ rẹ̀ wà láàárín, máa ń fara balẹ̀ jù.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo bátìrì. Ẹ dì í mú, ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Tó bá ń ró kó-kó nínú àpótí rẹ̀, lọ́ọ̀kù ò wọlé tán, tàbí rọ́bà abẹ́ rẹ̀ ti jẹ. Ó máa ń ṣe àwọn tó ń fi bátìrì tó ti tán gba èyí tó kún lójoojúmọ́, bíi tàwọn ọlọ́kadà Kùtọnu.

Ẹ fi géèjì wọn atẹ́gùn táyà ẹ̀yìn kẹ́ ẹ tó jáde láàárọ̀ (ẹ má fi ìka tẹ̀ ẹ́ o!), kó bá iye tí wọ́n kọ fún ẹni méjì mu. Èrò kan péré ni kẹ́ ẹ gbé, kó sún mọ́ yín: tó bá jókòó sórí kárìà, iwájú á fúyẹ́, ọwọ́ á sì máa gbọ̀n.