Kí ló ń mú kí omi òkun kún, kó sì fà, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́?

Òṣùpá ni. Ẹ̀yin tó ń múra ìdánwò ológun, ẹ má mú afẹ́fẹ́ ní ìdáhùn o! Òòfà òṣùpá ń fa omi tó kọjú sí i. Omi ẹ̀yìn ayé náà á wú, torí òòfà ọ̀hún kò le tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Bí ayé ṣe ń yí, omi á máa kún ní nǹkan bíi wákàtí 12 àti ìṣẹ́jú 25 síra wọn. Ẹ wo òpó ilé orí omi ní Makoko nígbà tí ọ̀sà bá fà: ibi tí omi dé ṣì máa ń tutù lára igi. Oòrùn náà ń fà á, àmọ́ agbára rẹ̀ kò tó ìdajì ti òṣùpá. Nígbà òṣùpá àrànmọ́jú, tàbí tí òṣùpá kò bá yọ rárá, àwọn méjèèjì jọ ń fà á ni, omi á sì kún jù.