Fídíò 22, oníbàárà méjì: níbo ni mo ti ṣì í?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ilé-ìwé aládàáni kan ní Ìbàdàn ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá, ó ti di ọdún 11 báyìí. Lọ́dún tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní London sọ fún mi pé àwọn òbí níbẹ̀ ń wá ẹni tó máa bá wọn kọ́ ọmọ wọn ní Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo yá 380,000 náírà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, mo fi ra kámẹ́rà àti iná tí wọ́n fi ń ya fídíò, mo sì san owó fún ẹni tó bá mi ṣe ìkànnì. Oṣù márùn-ún ni mo fi ya ẹ̀kọ́ 22, láti orí álífábẹ́ẹ̀tì títí dé ìhun ọ̀rọ̀. Ẹni méjì péré ló ti rà á, ẹ̀gbọ́n mi yẹn sì ni ọ̀kan nínú wọn. Ẹ jọ̀wọ́, níbo ni mo ti ṣì í? Ṣé kí n dín owó rẹ̀ kù ni? Àbí kí n fi iṣẹ́ ilé-ìwé sílẹ̀, kí n lè gbájú mọ́ ọn?

Ìdáhùn

Ẹ kú iṣẹ́, tíṣà mi, ẹ sì kú ìrọ́jú gbèsè. Mo ka ìwé yín lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ tí ẹ ṣe kò burú, ibi tí ẹ ti mú un ni kò dára. Láti 2020 tí wọ́n ti ilé-ìwé pa nítorí kòrónà ni mo ti ń kọ́ ọmọ ní Yorùbá lórí Zoom, àwọn olùkọ́ mìíràn sì máa ń wá bá mi fún ìmọ̀ràn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ṣe ohun tí ẹ ṣe yìí gan-an: wọ́n ya fídíò kí wọ́n tó ní akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹni tó ń ta oúnjẹ, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àdúgbò, ìkòkò kékeré ló ń gbé kaná. Á kọ́kọ́ wò ó bóyá àmàlà ni wọ́n ń rà níbẹ̀ àbí ìrẹsì. Ẹ̀yin ti se ìkòkò 22 kí ẹnikẹ́ni tó sọ ohun tó ń pa á lébi. Òbí tó wà ní London kò sì wá fídíò. Fídíò álífábẹ́ẹ̀tì Yorùbá kún YouTube, ọ̀fẹ́ ni. Ohun tí kò rí ni èèyàn tó máa pe ọmọ rẹ̀ lórúkọ, tó máa dákẹ́ dúró dè é kó dáhùn, tó máa rẹ́rìn-ín tó bá gbà á. Ọmọ ọdún méje kì í pẹ́ nídìí fídíò tí kò lè dá a lóhùn.

Ẹ sọ pé ẹ̀kọ́ yín lọ láti álífábẹ́ẹ̀tì dé ìhun ọ̀rọ̀. Mo mọ ibi tí ẹ ti mú un wá, ètò ẹ̀kọ́ tí à ń tẹ̀ lé fún WAEC ni. Ẹ jẹ́ kí n dúró lórí eléyìí díẹ̀, torí ó ń dùn mí bí mo ṣe ń rí àwọn olùkọ́ tó mọṣẹ́ dunjú tí wọ́n ń ṣubú síbẹ̀. Ọmọ tí ẹ ń kọ́ ní Ìbàdàn ti gbé Yorùbá wá sí kíláàsì lẹ́nu. Iṣẹ́ wa ni ká sọ orúkọ ohun tó ti ń sọ tẹ́lẹ̀ fún un: fáwẹ̀lì àránmúpè nìyí, àránmọ́ nìyí. Ọmọ tó wà ní Peckham, ní London, ń gbọ́ Yorùbá díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀ bá ń bínú tàbí tó bá ń gbàdúrà, ṣùgbọ́n kò sí i lẹ́nu rẹ̀. Kò tíì bèèrè omi ní Yorùbá rí. Kí ló fẹ́ fi orúkọ fáwẹ̀lì ṣe?

Mo ní akẹ́kọ̀ọ́ kan, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ pè mí, ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: "Anti, màmá mi máa pé 70 ọdún lóṣù Kẹta. Ṣé ọmọ yìí á lè kí wọn kó tó dìgbà yẹn?" Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án la fi ṣe ìkíni nìkan. "Gb" ló fún wa ní wàhálà jù, "ìyá àgbà" ń di "àgùbà" lẹ́nu rẹ̀. Mo ní kó pa ètè méjèèjì dé bí ẹni tó fẹ́ pe "b", kó fi ọ̀fun mú "g" láìtíì la ẹnu, kó wá tú méjèèjì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀sẹ̀ kẹrin ló tó já geere. Lọ́jọ́ ìbí náà, wọ́n pe màmá ní Òṣogbo lórí fídíò, wọ́n sì fà mí wọ̀ ọ́. Ọmọ náà ní, "Ẹ kú ọjọ́ ìbí, mà. Ẹ ó ṣe púpọ̀ rẹ̀ láyé." Ó sì kúnlẹ̀. Bó ṣe kúnlẹ̀ báyìí, a kò rí i mọ́, irun dídì orí rẹ̀ nìkan ló ń yọ ní ìsàlẹ̀ fóònù. Màmá ń pariwo láti Òṣogbo, "Dìde, ọmọ mi, dìde kí n rí ojú rẹ!" Ìyá ọmọ náà kò lè sọ̀rọ̀ mọ́. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti mú òbí mẹ́ta mìíràn wá bá mi.

Ohun tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ wa nìyẹn, tíṣà mi. Ẹ kọ ìpolówó yín láti ibẹ̀: lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 10, ọmọ yín á lè kí àgbà láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, á lè sọ orúkọ rẹ̀ àti ìtumọ̀ rẹ̀, á lè dáhùn tí wọ́n bá kì í ní oríkì. Àwọn ọmọ fẹ́ràn oríkì ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ọmọbìnrin tó mọ̀ pé Àjọkẹ́ lòun, á máa jẹ́ ẹ káàkiri ilé.

Ẹ má pa fídíò 22 yẹn rẹ́. Ẹ gé wọn sí ìṣẹ́jú méjì-méjì, kí ẹ máa fi ránṣẹ́ sí òbí lẹ́yìn kíláàsì, kí ọmọ lè tún un gbọ́. Kámẹ́rà ni kí ẹ wá ẹni tó máa rà, kí ẹ fi owó rẹ̀ dín gbèsè kù. Fóònù tó dára àti íápíìsì tó ní máìkì ti tó. Òbí á fara mọ́ àwòrán tó ṣú díẹ̀, kò ní fara mọ́ ohùn tí jẹnẹrétọ̀ bò mọ́lẹ̀, pàápàá lédè tí ohùn ló ń ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀. Ẹ ní síìmù nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì lọ́wọ́, kí báttìrì sì kún. Tí iná bá lọ lẹ́ẹ̀kan, òbí á gbà. Tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, á wá ẹlòmíràn. Zoom ọ̀fẹ́ máa ń já ní ìṣẹ́jú 40, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́fà kò lè jókòó ju ìṣẹ́jú 30 lọ, nítorí náà ẹ ò tíì nílò èyí tí wọ́n ń sanwó fún.

Nípa dídín owó kù, rárá o. Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ká ní ẹ ń gba pọ́n-ùn 3 lórí ọmọ kan fún ìṣẹ́jú 30. Ẹ ó fi bí ìṣẹ́jú 20 ṣètò àwòrán àti eré tí ẹ máa lò, ẹ ó sì fi 10 kọ̀wé sí òbí rẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì. Wákàtí kan gbáko nìyẹn. Ẹ yọ dátà, ẹ yọ epo bẹntiróòlù, ẹ yọ owó tí ilé-iṣẹ́ tó ń bá yín gba owó máa mú. Ohun tó kù kò ní fi bẹ́ẹ̀ ju owó lẹ́sìnnì tí ẹ ó lọ ṣe nílé ẹnìkan ní Bódìjà. Èyí tí èmi ń ṣe ni pé mo ń kó ọmọ mẹ́rin pọ̀ tí ọjọ́ orí wọn kò fi ju ọdún méjì lọ síra wọn, kálukú ń san pọ́n-ùn 5. Wákàtí kan náà ni, ó ti di pọ́n-ùn 20. Àwọn ọmọ náà sì ń bára wọn sọ ọ́, èyí tó dára ju kí ọmọ máa dá sọ ọ́ fún àgbàlagbà lọ. Kíláàsì tí owó rẹ̀ kéré jù tún ni àkọ́kọ́ tí òbí máa ń gbé tì nígbà tí òde bá dé.

Pọ́n-ùn tàbí dọ́là ni kí ẹ fi dá iye, ẹ má fi náírà dá a. Mo mọ olùkọ́ kan tó ti ń gba 15,000 náírà lóṣù lọ́wọ́ òbí kan ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023. Ní iye tí ìjọba ń ṣẹ́ ẹ nígbà yẹn, ó tó pọ́n-ùn 26. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà ni wọ́n fi náírà sílẹ̀ kó máa wá ipò ara rẹ̀, nígbà tí 2024 sì fi máa parí, 15,000 kan náà kò pé pọ́n-ùn 8. Òbí kò ṣẹ̀, olùkọ́ ni ojú tì láti sọ pé kí wọ́n tún un dá.

Ojú títì yìí ló ń jẹ́ kí n sọ pé kí ẹ gba owó oṣù kí kíláàsì àkọ́kọ́ oṣù náà tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tí ẹ máa kọ́ ọmọ wọn á pè yín ní àbúrò, ará ìlú kan náà ni yín, wọ́n á ní "a máa rí i ṣe". Ní 2021, mo kọ́ ọmọ ìdílé kan fún oṣù mẹ́ta láìgba kọ́bọ̀, nítorí pé mi ò lè la ẹnu bèèrè. Nígbà tí gbèsè náà pọ̀, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn náà, wọn ò gbé ìpè mi mọ́. Ọmọ tó ti ń gbìyànjú dáadáa ló pàdánù. Ẹ kọ ìlànà mẹ́rin tàbí márùn-ún sórí WhatsApp, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo òbí: ọjọ́ àti aago, iye owó, ọjọ́ tí a ń san án, ohun tí a ó ṣe tí ọmọ kò bá wá, àti ohun tí a ó ṣe tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lọ́dọ̀ yín. Nípa ọ̀nà ìsanwó, ẹ lè lo Paystack, ilé-iṣẹ́ tó ń bá oníṣòwò gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2015. Ẹ ṣáà rántí pé káàdì ilẹ̀ òkèèrè wọ́n ju ti ilé lọ, wọ́n á mú bíi 4 nínú 100. Ìforúkọ òwò sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ ìjọba tí wọ́n ń pè ní CAC ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ dé ná.

Aago ni ọ̀pọ̀ kì í rò. Láti Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹta títí di Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù Kẹwàá, aago London àti ti Ìbàdàn bára mu. Lẹ́yìn náà wọ́n á dá tiwọn sẹ́yìn ní wákàtí kan, tiwa kò ní yí padà. Kíláàsì aago mẹ́rin wọn á wá di aago márùn-ún wa. Houston fi wákàtí mẹ́fà wà lẹ́yìn wa nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, méje nígbà òtútù, ọjọ́ tí wọ́n sì ń yí i ní Amẹ́ríkà kì í ṣe ọjọ́ kan náà pẹ̀lú ti London. Aago òbí ni kí ẹ fi dá àkókò, kí ẹ̀yin sì kọ tiyín sára ògiri. Ẹ má sì gbára lé owó oṣù Kẹjọ, torí àwọn ilé-ìwé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà nínú ìsinmi láti ìparí oṣù Keje títí wọ oṣù Kẹsàn-án.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò ní fi ṣeré: ọmọ ọlọ́mọ ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Kí òbí wà nítòsí ní gbogbo ìgbà. Ẹ má bá ọmọ sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀ lórí WhatsApp, òbí ni kí ẹ kọ̀wé sí. Àwọn olùkọ́ kan máa ń gba ohùn àti àwòrán ọmọ sílẹ̀, wọ́n á gbé e sórí Facebook láti fi polówó. Ẹ má dán an wò láìgba àṣẹ òbí ní kíkọ sílẹ̀. Òfin ààbò dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 béèrè fún àṣẹ òbí lórí ohun tó bá jẹ́ ti ọmọdé, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kò sì fi ọ̀rọ̀ ọmọdé ṣeré. Kódà bí kò bá sí òfin, ọmọ tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ èdè ìyá rẹ̀ máa ń ṣàṣìṣe, kò yẹ kí àṣìṣe rẹ̀ di ohun tí àlejò ń fi rẹ́rìn-ín.

Ẹ má fi iṣẹ́ sílẹ̀ báyìí. Nígbà tí kíláàsì orí íntánẹ́ẹ̀tì bá ti ń mú owó tó tó owó oṣù yín wọlé fún oṣù mẹ́fà léra, tí oṣù Kẹjọ sì wà nínú rẹ̀, ẹ lè tún béèrè. Ilé-ìwé aládàáni lẹ wà, ẹ ka ìwé àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí dáadáa. Ẹ̀yin tíṣà ìjọba tó ń ka èyí, ọ̀rọ̀ tiyín yàtọ̀: ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 kò gba òṣìṣẹ́ ìjọba láyè láti máa darí òwò tirẹ̀, àfi iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹ bá amòfin sọ̀rọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ní tiyín, tíṣà mi, ẹnì kejì tó ra fídíò yín, tí kì í ṣe ẹbí yín, ẹ pè é lónìí. Ẹ bi í orúkọ ọmọ rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, àti àgbà tó fẹ́ kí ọmọ náà lè bá sọ̀rọ̀. Ẹ bi í ibi tí ọmọ náà ti pa fídíò yẹn tì. Lẹ́yìn náà, kí ẹ ní kó yọ̀ǹda ọmọ náà fún yín fún ìdajì wákàtí lọ́jọ́ Sátidé.